Ohùn Tọ́bò àti Etí Ẹ̀gbọ́n Mi

Kẹ́tù tó wà nílé wa ní Bódìjà máa ń súfèé tí omi bá ti hó. Màmá ló rà á, nítorí pé wọ́n máa ń gbàgbé omi sórí iná. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, ó ń ka ìwé ìròyìn, kẹ́tù sì wà lórí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ. Kẹ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, kò sì dákẹ́, títí ariwo rẹ̀ fi ń gún mi létí níbi tí mo wà. Mo pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé kẹ́tù yẹn kalẹ̀!" Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Nígbà tí mo wọlé, ooru ti bo fèrèsé, ẹ̀gbọ́n mi ṣì tẹjú mọ́ ìwé ìròyìn. Ìgbà tó rí òjìji mi lára ògiri ló tó gbójú sókè.

"Ẹ ò gbọ́ kẹ́tù ni?"

"Kẹ́tù wo?"

Mo nawọ́ sí i. Ó wò ó, ó dìde kíákíá, ó pa sítóòfù. Ó ṣe bí ẹni pé ohun tó ń kà ló gbà á lọ́kàn. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n fíṣíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama nígbà náà, ọ̀rọ̀ ohùn àti etí sì wà lára ohun tí mo máa ń kọ sí pátákó lọ́dọọdún. Nírọ̀lẹ́, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní pálọ̀, mo fi ohùn tó wá láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun pè é. Ó dáhùn. Mo wá fọn fèrè kékeré tí olùkọ́ eré ìdárayá wa máa ń lò. Kò mira. Ohùn tó nípọn ṣì ń wọ etí rẹ̀, èyí tó tín-ín-rín ni kò wọlé mọ́.

Mo yí síwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá. "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Má sọ fún wọn."

"Ṣé ẹ ti rí dókítà?"

"Mo ti rí i. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ló fà á, pé ohun tó bá ti kú nínú etí kì í jí mọ́." Ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Ti kẹ́tù kò dùn mí. Ti tọ́bò ló dùn mí. N kò gbọ́ tọ́bò ọkọ̀ mi mọ́."

Enjiníà ni ẹ̀gbọ́n mi ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ti ń bú ramúramù láti àárọ̀ dalẹ́. Láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ló ń jẹ etí rẹ̀. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ó tún ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọkọ̀ Japan funfun kékeré kan ni, tí òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ tà fún un, wọ́n ti tún un ṣe fún eré ìje orí ilẹ̀ pupa tí à ń pè ní ráàlì. Wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn, wọ́n ti fi páìpù irin há inú rẹ̀ bí àgò adìyẹ kí òrùlé má baà wó lé awakọ̀ lórí tó bá dojú dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbéyàwó. Màmá máa ń tọ́ka sí ọkọ̀ náà fún àwọn àlejò, wọ́n á ní, "Ìyàwó ọmọ mi nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kó pẹ́ délé." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àlejò á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Màmá kì í dé ojú wọn.

Èmi náà kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ yẹn ju pé ó ń pariwo. Ọjọ́ kejì fèrè yẹn, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí kíṣìnnì. Ó ti gé agolo mílíìkì, ó ti fi ṣe fáànù kéékèèké méjì, ó kan ọ̀kan mọ́ orí sípóòkù kẹ̀kẹ́, ó kan èkejì mọ́ ìdí rẹ̀. Ó gbé kẹ́tù kaná. Nígbà tí ooru ń tú jáde lẹ́nu kẹ́tù, ó gbé fáànù kan síbẹ̀, ó fi ìka méjì di sípóòkù náà mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fáànù náà yí. Èkejì náà yí. Ó ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú èkejì, atẹ́gùn sì fẹ́ sí mi lọ́wọ́.

"Ooru tí kẹ́tù ń dà nù ló ń yí èyí," ó ní. "Ìyẹn sì ń fẹ́ atẹ́gùn síbi tí mo bá fẹ́. Tọ́bò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń bì, kó tó gba sálẹ́ńsà jáde, á kọ́kọ́ yí fáànù kan. Fáànù kejì tó wà lórí ọ̀pá kan náà á máa fa atẹ́gùn láti ìta, á máa kì í bọ ẹ́ńjìnnì lọ́fun. Tí atẹ́gùn bá pọ̀, epo tó lè jó á pọ̀. Tí epo bá jó púpọ̀, agbára dé."

"Kí wá ni ti ohùn níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí o bá tẹ epo, agbára kì í dé lójú ẹsẹ̀. Èéfín gbọ́dọ̀ pọ̀ ná, kí fáànù tó lè sáré. Ọkọ̀ á kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀lẹ. Tí fáànù bá wá ń sáré, á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, á máa gòkè, á máa gòkè. Tí o bá ti gbọ́ ọ, o mọ̀ pé ó ń bọ̀, wàá ti kọjú ọkọ̀ síbi tó yẹ kó tó gbá ọ nídìí. Èmi kò gbọ́ ọ mọ́. Ó kàn ń gbá mi lójijì ni."

"Ṣebí géèjì tó ń fi agbára rẹ̀ hàn wà nínú ọkọ̀."

"Nínú kọ́nà, ta ló ráyè wo géèjì?"

Ó pa iná. Ó ní ọ̀rẹ́ òun tó máa ń jókòó ti òun, tó ń ka ọ̀nà fún òun, ti gba ìwé àṣẹ, ó ń lọ sókè òkun lóṣù tó ń bọ̀. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá rí ọ̀nà lọ ń lọ. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀ mí. Kì í bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́.

"Wá jókòó tì mí, àbúrò. Tí o bá ti gbọ́ súfèé, kí o fọwọ́ kan mi nítan. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ."

Mo ní màá gbìyànjú. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni.

Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé, tó gba àárín oko lọ sí apá Ìdó, la ti ń ṣe ìdánrawò lọ́sàn-án Súńdè, lẹ́yìn tí mo bá ti bá Màmá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi akoto sórí, ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ́líìtì dè mí mọ́ àga bí ẹrù. Ó tẹ epo. Ọkọ̀ kùn, ó kàn ń kùn ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, ohùn tín-ín-rín kan tó yọ lábẹ́ ariwo, bí ẹ̀fọn tó ń bọ̀ létí ẹni, ó gòkè, ó di bí ọmọdé tó ń fọn fèrè lókèèrè, ó tún gòkè. Kí n tó mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ọkọ̀ ti ta wá síwájú, ọrùn mi ti fà sẹ́yìn, ewé oko ń lu gíláàsì. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo kó lè yí kọ́nà. Atẹ́gùn tó ti há sínú páìpù kò ríbi lọ mọ́, ó padà sẹ́yìn, ó ń ṣe ṣù-ṣù-ṣù-ṣù bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni sálẹ́ńsà yìnbọn, ó dún gbà! gbà! Epo tó ṣẹ́kù ló ń jó nínú páìpù.

"O ò fọwọ́ kàn mí!" ó pariwo.

"Ẹ̀rù ló bà mí!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. A padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, a tún ṣe é.

Bí a ṣe ń bá a lọ, ọwọ́ mi kọ́ ọ. Mo máa ń fi ẹnu ka ọ̀nà fún un láti inú ìwé tó wà lórí itan mi, ọ̀tún, òsì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, afárá. Ẹnu mi kò ráyè sọ ti tọ́bò, nítorí náà ọwọ́ òsì mi ló ń sọ ọ́ sí itan rẹ̀. Ìfọwọ́kàn kan ni pé súfèé ti bẹ̀rẹ̀. Méjì ni pé ó ti dé òkè, ó fẹ́ gbá wa. Àtẹ́lẹwọ́ tó lẹ̀ mọ́ itan ni pé kó dúró. Mo kọ́ bí mo ṣe máa mú ohùn mi wálẹ̀, nítorí pé ohùn obìnrin ti ń ga jù fún etí rẹ̀. Ó mọ́ mi lára débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń béèrè bóyá òtútù ló mú mi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe eré náà. Tí a bá parí, kì í pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ilé irin tí tọ́bò wà nínú rẹ̀ máa ń gbóná débi tó fi máa pọ́n bí ẹyin iná, àti pé ọ́ìlì tó ń ṣàn yí ọ̀pá rẹ̀ ká ló ń tù ú. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì, ọ́ìlì á dúró sójú kan, á jó, á di èédú mọ́ ọ̀pá náà lára, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà a máa ń jókòó nínú ọkọ̀ tó ń kùn jẹ́jẹ́, a ó ṣí ilẹ̀kùn, a ó máa wo àwọn tó ń ti oko bọ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ kì í sí láàárín wa.

A kópa nínú ráàlì mẹ́ta, a gba ipò kẹta nínú ọ̀kan. Àwọn awakọ̀ yòókù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni awakọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni agbèrò. Wọn kò mọ̀. Màmá mọ̀ pé mò ń bá a lọ, wọ́n bínú, wọ́n ní àwọn kò tíì gbọ́ ọ rí pé ọmọbìnrin fi akoto sórí ju gèlè lọ. Mo sọ fún wọn pé mò ń tẹ̀ lé e kó má baà sáré jù. Wọ́n wò mí, wọ́n yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sáàpù dé. Ohun gbogbo gbówó lórí. Ní ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pa ẹ̀rọ kan, wọ́n tún pa òmíràn, wọ́n ní kò sí irin tí wọ́n máa fi tún wọn ṣe. Àwọn tí wọ́n dá dúró ń tú jáde ní géètì Olúyọ̀lé pẹ̀lú báàgì wọn. Wọn kò dá ẹ̀gbọ́n mi dúró, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ síbi tí ariwo ti pọ̀ jù. Etí rẹ̀ túbọ̀ ń kú. Nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá Màmá lóhùn kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà," á sì jáde.

Àsìkò yẹn ni tọ́bò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gbọ́ ọ. Lábẹ́ súfèé rẹ̀, ohùn kan yọ tó dàbí ti ẹni tó ń ké nínú yàrá kejì. Bí súfèé bá ṣe ń gòkè ni igbe náà ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Mo sọ fún un nígbà tí a dúró.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Bí ọkọ̀ panápaná tó jìnnà."

Ojú rẹ̀ yí padà. A gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ring Road. Wọ́n tú páìpù kan, ẹ̀gbọ́n mi ki ìka bọ̀ ọ́, ó di orí ọ̀pá tọ́bò mú, ó mì ín. Ó mì bí eyín tó fẹ́ yọ.

"Ó ti jẹ," mẹkáníìkì ní. "Ọ̀gá, ẹ wá tuntun."

Níbo la ti fẹ́ rí tuntun? A wá a káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, títí dé Gate. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ sókè òkun pé kó fi ọ̀kan ránṣẹ́. Dùgbẹ̀, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, la ti ń lọ béèrè ẹrù náà, títí tí àwọn tó wà níbẹ̀ fi ń mi orí sí wa láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó dé, ó kéré jù, ti irú ọkọ̀ mìíràn ni. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún, ó ń fi ìka yí fáànù rẹ̀ kékeré. Ó yí dáadáa. Ó dára gan-an, kò kàn jẹ́ tiwa ni.

Ọ̀gá kan ní Challenge tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin bá a ṣe bíárìn tuntun, èyí tí ọ̀pá tọ́bò ń yí nínú rẹ̀, láti ara idẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó sì sọ òdodo. Ó ní idẹ ni òun rí, òun kò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó nínú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú. Nígbà tí a gbé e sáré, mo gbọ́ ọ dáadáa. Igbe yẹn ti lọ. Mo sọ fún un pé ó ti lọ, ó dì mọ́ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ráàlì tó tẹ̀ lé e wáyé lápá Òkè-Ògùn, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku máa ń dúró lókè lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò ní í balẹ̀. Wọ́n ń tú wa sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, a dé ibi òkè gígùn kan, níbi tí awakọ̀ kò ti lè gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Súfèé náà kọjá ibi tó máa ń dúró sí. Ó ń gòkè sí i, igbe yẹn ti padà sínú rẹ̀, ó pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá dún lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí abọ́ tánganran bá já lu sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ súfèé kankan mọ́. Nínú dígí, èéfín aláwọ̀ búlúù ti bo ọ̀nà.

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ itan rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò béèrè ìdí. Ó dúró.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. "Kí lo gbọ́?"

"Ó ti fọ́! Ẹ má ṣí i!"

Ó ti kẹ̀yìn sí mi, ó sì ti bọ́ akoto. N kò mọ̀ bóyá ohùn mi ga jù. Ẹ̀rù máa ń mú ohùn ga. Mo ń jà pẹ̀lú bẹ́líìtì mi nígbà tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè.

Páìpù ọ́ìlì tó lọ sí tọ́bò ti já, ó ti tú ọ́ìlì sórí irin tó pọ́n bí iná, ooru àti èéfín ló há síbẹ̀. Nígbà tó ṣí i, atẹ́gùn wọlé. Iná náà kò ru díẹ̀díẹ̀. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí aṣọ tí ẹnìkan jù lù ú. Ó padà sẹ́yìn pẹ̀lú iná ní àyà àti ọwọ́, ó sì tún fẹ́ lọ gbé agolo tí wọ́n fi ń paná. Mo fi ara mi lù ú lulẹ̀. Mo ń da erùpẹ̀ sí i lára. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí sáré dé, bàbá kan bọ́ ẹ̀wù oko rẹ̀, ó fi bò ó, ó ń wí pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ọkọ̀ ráàlì tó tẹ̀ lé wa dúró, awakọ̀ rẹ̀ fi eré rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Tọ́bò tirẹ̀ ń súfèé lójú ọ̀nà, ó ń súfèé bó ṣe yẹ kó dún. Mo di orí ẹ̀gbọ́n mi mú lórí itan mi, mo sì ń gbọ́ ọ.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn. Wọ́n fi báńdéèjì dì í láti orí dé ìbàdí. Ojú rẹ̀ wú, kò lè là á, kò sì gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì á sọ̀rọ̀, kò ní í mira, wọ́n rò pé kò mọ ibi tó wà. Itan rẹ̀ ni iná kò kàn. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fọwọ́ kàn án níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Àbúrò," ó ní.

Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀. Òun á béèrè, èmi á dáhùn pẹ̀lú ọwọ́. Ìfọwọ́kàn kan ni bẹ́ẹ̀ ni, méjì ni rárá. Ó béèrè bóyá Màmá wà níbẹ̀. Ó béèrè bóyá èmi náà jóná. Ó béèrè bóyá ọwọ́ òun ṣì wà, mo sì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tó ṣẹ́kù nínú wọn. Ìbà mú un. Ó wá ń béèrè àwọn ìbéèrè tí kò ní bẹ́ẹ̀ ni, tí kò ní rárá. "Ibo la dé lójú ọ̀nà?" "Kọ́nà tó kàn ńkọ́?" Màmá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Bíbélì wọn ṣí sórí itan, wọn kò sì kà á. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi.

Ó kú ní àárọ̀, lásìkò tí wọ́n ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù. Egbò rẹ̀ ti kẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Ṣakí, ìlú àwọn òbí wa, wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá. Àwọn ẹbí béèrè lọ́wọ́ mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo sọ pé páìpù ọ́ìlì já. Àwọn kan mi orí. Ẹ̀gbọ́n Màmá kan sọ lójú mi pé ilé tí obìnrin bá ti ń wọ inú ọkọ̀ ìje, ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Màmá kò bá wọn dá sí i, wọn kò sì gbèjà mi.

Mo kó kúrò ní Bódìjà lẹ́yìn náà, mo lọ gba yàrá ní Àgbówó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, ariwo kì í tán, mo sì fẹ́ ariwo. Ọdọọdún ni mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ohùn. Tí mo bá dé ibi tí mo ti máa sọ pé àwọn ohùn kan ga ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ, mo máa ń kọ ọ́ sí pátákó, n kì í kà á síta. Màmá àti èmi ń rí ara wa. Mo máa ń lọ lọ́sàn-án Sátidé, mo máa ń bá wọn fọṣọ, mo máa ń bá wọn se oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ọjà àti ti ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń sọ.

Ó pẹ́ kí Màmá tó béèrè. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń ṣa ẹ̀wà. Wọn kò gbójú sókè.

"Kí ni nǹkan yẹn gan-an?"

"Èwo, mà?"

"Èyí tó pa ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Mo ṣàlàyé rẹ̀. Mo ní fáànù ni, pé èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, tí òun náà ń fẹ́ atẹ́gùn padà sínú iná, kí iná lè jó sí i, kí èéfín lè pọ̀ sí i. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí Màmá.

"Ẹwìrì ni," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹwìrì ni."

"Ẹwìrì wa, èèyàn ló ń fẹ́ ẹ. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á dúró." Wọ́n ju òkúta kékeré kan tó wà nínú ẹ̀wà sílẹ̀. "Ìyẹn wá ń fẹ́ ara rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí n sọ ohun tí mo ti ń gbé kiri. "Màmá, ohun kan wà tó ní kí n má sọ fún yín. Etí rẹ̀..."

"Mo mọ̀."

Mo wò wọ́n.

"Èmi ni mo bí i. Mo pè é lẹ́yìn, kò dáhùn. Mo sọ pé kó wá jẹun, ó ní 'Ẹ ṣeun, mà.' Ta ni kò ní í mọ̀?" Wọ́n ṣì ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ wọn kò dúró. "Mo gbàdúrà sí i. Kì í ṣe pé kó sàn. Mo ní, Olúwa, ẹ jẹ́ kí etí yìí gba ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì fẹ́ gbà á. Mo rí i pé ó ti ń sú u, ó ti ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Mo ń dúpẹ́." Wọ́n gbọn àwo náà. "Ìwọ lo wá lọ fún un ní etí tìrẹ."

Wọn kò pariwo. Bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ra ata ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ pé ó bẹ̀ mí. Mo fẹ́ sọ pé mo rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Ìdó, pé n kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá kú.

A ṣa ẹ̀wà náà tán. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kaná, mo gé àlùbọ́sà sí i. Màmá ní kí n dúró jẹun, mo sì dúró. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu géètì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní kí n mú ṣúẹ́tà mi wọ̀ nítorí ọyẹ́. Mo wọ̀ ọ́. Mo dúró létí ọ̀nà títí táksí tó ń lọ sí Àgbówó fi dé, mo wọ ẹ̀yìn, mo sì ti ilẹ̀kùn.